Irọ́ Tó Wà Nínú Ẹ̀rí Tí Mo Jẹ́ Nípa Òkè Wales

Ẹ̀yin tí ẹ wo fídíò ẹ̀rí tí mo jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí ẹ kọ "Àmín" àti "Ògo ni fún Ọlọ́run" sábẹ́ ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀, ẹ wá gbọ́ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ṣẹlẹ̀ sí mi gan-an. Mo ti yọ fídíò náà kúrò. Ẹni tó bá ti fi ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn ẹ̀, kó bá mi fi èyí náà ránṣẹ́ sí wọn.

Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Mo ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣùgbọ́n tí mo bá dákẹ́, orúkọ ọmọ ọlọ́mọ ló máa bàjẹ́ lọ báyìí, èmi ni mo sì bà á jẹ́.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ mí, Fúnmi lorúkọ mi. Thamesmead North ni mò ń gbé, iṣẹ́ care ni mò ń ṣe. Láti ilé bàbá arúgbó kan ni mo ti ń bọ́ sí ilé ìyá arúgbó míì, mò ń wẹ̀ fún wọn, mò ń fún wọn lóògùn, mò ń wò wọ́n bóyá ara wọn le. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Woolwich, èmi ni olórí àwọn aládùúrà. Tí mo bá ní ká gbààwẹ̀, a ó gbààwẹ̀ nìyẹn. Mi ò ní tàn yín, mo fẹ́ràn kí wọ́n máa gbọ́ tèmi.

Níbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, ọ̀rọ̀ visa dà wá láàmú gan-an. Tẹnì kan ti fẹ́ parí, wọn ò tíì dá ẹnì kan lóhùn, ọmọ ẹlòmíì ṣì wà ní Nàìjíríà. Mo bá dá a lábàá pé ká lọ gbàdúrà lórí òkè.

Ẹni tó bá dàgbà nílé mọ orí òkè àdúrà. Wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì ṣe àtẹ̀gùn síbẹ̀. Àwọn ìyá àgbà ń fi sílípáàsì gùn ún. Tẹ́ ẹ bá dókè, ẹ máa bá ẹni tó ń ta omi inú ọ̀rá. Ohun tó le jù níbẹ̀ ni oòrùn. Òkè tí mo mọ̀ nìyẹn, mo sì rò pé bí gbogbo òkè ṣe rí nìyẹn. Thamesmead tí mò ń gbé ńkọ́? Pẹrẹsẹ ló tẹ́. Ibi tó ga jù tí mo ti gùn láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí ni àtẹ̀gùn ilé àwọn arúgbó mi, lọ́jọ́ tí lífìtì wọn ò bá ṣiṣẹ́.

Mo wá òkè kan ní Wales lórí fóònù. Mo rí fọ́tò ẹ̀, ó rẹwà, koríko tútù yọ̀yọ̀, àwọn àgùntàn ń jẹko kiri. Summer ni wọ́n ya fọ́tò yẹn. Èmi ń mú èèyàn lọ síbẹ̀ ní ìparí February.

Ọjọ́ tí mo gbé e sórí WhatsApp ni Tọ́lá pè mí. Nọ́ọ̀sì ni Tọ́lá, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Scotland ló ti kàwé kó tó wá sí Woolwich, ibẹ̀ ló ti bá àwọn kan ṣẹgbẹ́ tí wọ́n ń gun òkè lásìkò òtútù, tí wọ́n ń gun ibi tó ti di yìnyín pàápàá. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Kò pe orúkọ mi rí láìfi Auntie síwájú ẹ̀.

Ó bèèrè bóyá mo ti wo forecast ojú ọjọ́. Mo ní mo ti wò ó, mo ti ya á sí group, ṣé kò rí i ni? Àwòrán oòrùn kékeré ló wà níbẹ̀, wọ́n kọ digrí mẹ́sàn-án sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Èmi sì ti kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé Ọlọ́run ti dáhùn.

Tọ́lá rọra ṣàlàyé fún mi. Ó ní ìlú tó wà nísàlẹ̀, níbi tí ṣọ́ọ̀bù àti ilé ìwé wà, ni forecast yẹn ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀, pé ti orí òkè lọ́tọ̀ ni, ibòmíì la ti ń wò ó. Ó ní béèyàn bá ṣe ń gòkè ni òtútù ń le sí i, pé atẹ́gùn tí wọ́n sọ pé ó máa fẹ́ lókè lọ́jọ́ náà lè ti èèyàn ṣubú. Ó tún ní òun ti ń wo gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, pé snow tó bọ́ síbẹ̀ ń yọ́ lọ́sàn-án, ó ń dì padà lóru, nítorí náà apá ibi tí oòrùn kì í dé á ti le bíi gíláàsì. Ó ní tá a bá fẹ́, òun lè wá òkè tó rẹlẹ̀ ju ìyẹn lọ fún wa, tàbí ká sún un di May. Ó wá bẹ̀ mí pé, ohun yòówù ká ṣe, ká jẹun kó tó di pé a gùn ún.

Ẹ gbọ́ èsì tí mo fún un? Mo bi í pé ta ló fi í ṣe olórí. Mo ní ààwẹ̀ gbẹ la máa gbà, kò sóúnjẹ, kò sómi, títí ago mẹ́ta ọ̀sán. Ó ní kí n má bínú, pé òun á bá wa lọ. Inú mi dùn, mo rò pé mo ti borí ẹ̀ ni. Mi ò mọ̀ pé torí wa ló ṣe ń bọ̀.

Àwa mẹ́jọ la pàdé níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ní Sátidé náà. Ago márùn-ún ìdájí la dá, ó ti ń lọ sí ago méje ká tó kúrò ní Woolwich. Ẹ mọ̀ wá náà. Tọ́lá gbé báàgì ńlá kan wá. Nígbà tó ń tún un tò sínú bọ́ọ̀sì, a rí irin eléyín tí wọ́n ń so mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà, a rí àáké kékeré kan, flask tíì kan, àti ọ̀rá ńlá aláwọ̀ ọsàn tó ká pọ̀. Brother tó ń wa bọ́ọ̀sì bi í léèrè bóyá ogun ló ń lọ. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tèmi ló dún jù.

Bí ọ̀rọ̀ bá mọ níbẹ̀, ì bá dára. Nígbà tá a dé ojú títì ńlá, mo dìde dúró nínú bọ́ọ̀sì, mo wàásù nípa ẹ̀mí ìbẹ̀rù. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣé ó dìgbà tí mo bá dárúkọ? Gbogbo wọn ń wo báàgì Tọ́lá. Tọ́lá ń wo ìta.

Ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni Mummy Àṣàkẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí ìyá yìí jẹ́ sí mi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ti Èkó dé, tí ẹni tó ní òun máa gbà mí sílé pa fóònù ẹ̀, Mummy Àṣàkẹ́ ló gbà mí sí pálọ̀ rẹ̀ ní Thamesmead. Oṣù méje ni mo sùn lórí àga ẹ̀. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wọ bọ́ọ̀sì níbí, òun ló fi mí mọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, èèyàn tín-ín-rín ni. Ọ̀rọ̀ ìwé ọmọ ẹ̀ ọkùnrin ló ń gbé lọ sórí òkè. Ó ti lọ ra bàtà kánfáàsì tuntun ní Powis Street ní Woolwich torí ìrìn àjò yìí, bàtà fífúyẹ́ tí wọ́n fi ń sáré. Ó gbé ẹsẹ̀ sókè fún mi wò, ó bi mí bóyá ó dáa. Mo ní ó dáa, Mummy, ó dáa gan-an.

Nígbà tá a débẹ̀, oòrùn ń ràn lóòótọ́. Mo sọ̀kalẹ̀, mo nawọ́ sí oòrùn, mo wá wo ojú Tọ́lá. Kò wo oòrùn rárá, orí òkè ló tẹjú mọ́. Nǹkan funfun kan ń fẹ́ lọ lókè téńté bí èéfín. Ó ní, "Auntie, ẹ wo ibẹ̀ yẹn. Atẹ́gùn ló ń gbá snow lọ bẹ́ẹ̀." Mo ní ògo Ọlọ́run ni. Ẹ gbà mí o! Ògo Ọlọ́run ni mo pè é.

Ó ti ń lọ sí ago méjìlá ká tó bẹ̀rẹ̀ sí gòkè. Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ò burú, ẹrẹ̀ àti koríko. A ń kọrin. Lẹ́yìn wákàtí kan ó lé díẹ̀, a dé ibi ògiri òkúta kan tí wọ́n fi ń dí àgùntàn lọ́nà. Ibi ògiri yẹn ni oòrùn mọ. Òdìkejì ẹ̀ wà lábẹ́ òjìji, ó funfun láti ibẹ̀ dókè.

Òyìnbó méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, ń bọ̀ láti òkè. Irin eléyín wà lábẹ́ bàtà wọn. Wọ́n ní àwọn ò dé téńté, pé àwọn padà ni, pé yìnyín ni gbogbo ọ̀nà, atẹ́gùn ò sì jẹ́ kéèyàn dúró. Obìnrin náà wo bàtà Mummy, ó tún wo ojú mi. Mo ní kí Ọlọ́run bù kún wọn. Mo rò pé ìwà pẹ̀lẹ́ ni mò ń hù.

Tọ́lá fi àáké ẹ̀ lu ilẹ̀. Ó dún bí ìgbà téèyàn lu táìlì. Snow díẹ̀ ló ṣí kúrò lójú ẹ̀, yìnyín tó dúdú díẹ̀ ló wà nísàlẹ̀. Lójú gbogbo wọn, ọmọ yìí kúnlẹ̀ fún mi nínú snow. Ó ní, "Auntie Fúnmi, ẹ jọ̀ọ́. Tá a bá délé, kẹ́ ẹ bú mi bó ṣe wù yín. Ṣùgbọ́n ẹ má gun ibí yìí lónìí. Ibi tá a wà yìí náà lórí òkè ni, ẹ jẹ́ ká gbàdúrà níbí."

Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn ti tó? Ibi tá a wà náà, lórí òkè ni. Ọlọ́run ò ní sọ pé òun ò gbọ́ wa torí a ò dé téńté. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti kúnlẹ̀, mo sì rò pé tí mo bá gbà fún un, kò sẹ́ni tó tún máa gbọ́ tèmi mọ́. Mo ní kí ẹni tẹ́rù bá ń bà sọ̀kalẹ̀. Àwọn márùn-ún yí padà lójú ẹsẹ̀, wọn ò tiẹ̀ wò mí lójú. Mummy Àṣàkẹ́ nìkan ló dúró. Ó ní òun ò lè jẹ́ kí èmi nìkan lọ.

Báyìí lèmi àti ìyá ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé ṣe fi ẹnu gbígbẹ àti ikùn òfìfo gun yìnyín.

A ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rìn. Ibi tí mo bá tẹ̀ ni Mummy ń tẹ̀. Kò pẹ́ tí ìkùukùu fi sọ̀ kalẹ̀ bò wá, mi ò rí ògiri tá a ti kúrò mọ́, mi ò sì rí òkè tá à ń lọ. Atẹ́gùn ń ya mọ́ wa lójú. Ẹsẹ̀ Mummy yọ̀, ó fi ìdí wọ́ lọ sísàlẹ̀ kó tó fi ọwọ́ gbá òkúta kan mú. Nígbà tí mo rá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ó ń gbọ̀n, ọwọ́ ẹ̀ ti ya, bàtà Powis Street yẹn ti rin gbingbin. A ò lè gòkè, a ò lè sọ̀ kalẹ̀. A jókòó sẹ́yìn òkúta yẹn, mo dì mọ́ ọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí gbàdúrà sókè.

Ibi tí ojú ti ń tì mí jù la dé yìí. Ẹ fún mi ní sùúrù.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Mummy ò gbọ̀n mọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ara ẹ̀ ti móoru. Èmi tí mò ń tọ́jú arúgbó lójoojúmọ́! Tó bá jẹ́ pé nínú ilé kan ní Thamesmead ni mo ti bá arúgbó tí ara ẹ̀ tutù bẹ́ẹ̀, tí kò gbọ̀n, mo ti pe ambulance. Lórí òkè, mo ní ó ti móoru.

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀. Ahọ́n ẹ̀ wúwo, ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu ẹ̀. Ó ń pè mí ní orúkọ àbúrò ẹ̀ tó ti kú. Ó ní kí n wá ká aṣọ wọlé, òjò ti ń bọ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ mọ ohun tí mo rò? Mo rò pé ìran ló ń rí. Mo rò pé a ti dé ibi tí à ń wá nìyẹn. Mo yọ fóònù jáde, mo gbé e sẹ́nu ẹ̀ kí n lè gba ohùn náà sílẹ̀, kí n lè gbé e fún Daddy, pásítọ̀ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, kó túmọ̀ ẹ̀. Ó ń kú lọ lọ́wọ́ mi, èmi ń gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀.

Ohùn irin lórí yìnyín ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Tọ́lá ló yọ nínú ìkùukùu yẹn. Kò tẹ̀ lé àwọn márùn-ún lọ. Ó ti ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, òun dúró síbi ògiri, ó ń ṣọ́ wa. Nígbà tí ìkùukùu gbà wá mọ́ ọn lójú, ó so irin mọ́ bàtà, ó tẹ̀ lé ojú ẹsẹ̀ wa.

Ó wo ojú Mummy, ó bi í lórúkọ, ó bi í pé ọjọ́ wo la wà. Mummy ò lè dáhùn. Tọ́lá yíjú sí mi, ó ní ìgbà wo ló ti gbọ̀n kẹ́yìn. Mo ní ó ti pẹ́, mo tún fi ọpẹ́ Ọlọ́run kún un. Tọ́lá wò mí. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni. Ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì ara ẹ̀ wọ̀ fún un, ó tẹ́ báàgì sábẹ́ ìdí ẹ̀, a jọ ki Mummy sínú ọ̀rá aláwọ̀ ọsàn yẹn. Ó pe 999, ó ní mountain rescue, àwọn tó ń gba èèyàn là lórí òkè, lòun ń fẹ́, ó ka nọ́ńbà ibi tá a wà fún wọn láti orí fóònù ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣí flask tíì. Ó kọ́kọ́ wò ó bóyá Mummy ṣì lè gbé nǹkan mì. Tíì ṣúgà ni, ó ń rú èéfín.

Mo di ọwọ́ ẹ̀ mú.

Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi Fúnmi, mo di ọwọ́ ọmọ náà mú. Mo ní ó ku ogójì ìṣẹ́jú kí ago mẹ́ta lù, kó má ba ààwẹ̀ Mummy jẹ́, pé torí ọmọ Mummy la ṣe wá.

Tọ́lá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kò pariwo. Ó ní, "Fúnmi, gbọ́wọ́ ẹ kúrò."

Kò fi Auntie sí i, kò fi ẹ̀yin pè mí. Mo gbọ́wọ́ kúrò. Ó ń bù ú sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ ìkókó sọ̀rọ̀, títí ara Mummy fi tún bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Nígbà tí gbígbọ̀n yẹn bẹ̀rẹ̀, Tọ́lá sunkún. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé gbígbọ̀n ló dáa.

Ó lé ní wákàtí kan ààbọ̀ kí àwọn mountain rescue tó dé. Wọ́n gbé Mummy sórí ibùsùn tí wọ́n ń gbé lọ́wọ́, wọ́n fi okùn mú èmi náà sọ̀ kalẹ̀. Alẹ́ méjì ni Mummy lò ní hospital. Dókítà ní ẹni tó fún un ní tíì tó sì fi ọ̀rá bò ó ló gba ẹ̀mí ẹ̀ là. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó sọ ọ́. Mo mi orí.

Ó yẹ kí ìtìjú mi parí síbẹ̀, àbí? Mi ò tíì dé ìdí ẹ̀.

Ní Sunday ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n pè mí láti jẹ́rìí. Mummy ṣì wà nílé, ó ń sinmi. Mo gba máíkì. Mo fi Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́rìí, mo fẹ́ sọ òótọ́ nígbà tí mo dìde. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ kí n tó débẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ń dùn mọ́ wọn, ó ń dùn mọ́ èmi náà. Mo ní ọ̀tá dìde sí wa lórí òkè. Mo ní àwọn kan nínú wa bẹ̀rù, wọ́n yí padà, ṣùgbọ́n èmi ò fi Mummy sílẹ̀, mo dì mọ́ ọn, Ọlọ́run sì rán ìrànlọ́wọ́ sí wa. Ṣọ́ọ̀ṣì dìde lórí ìjókòó. Ẹnì kan ká a sínú fídíò, èmi ni mo gbé e síta.

Tọ́lá wà lórí ìlà kẹta nínú aṣọ nọ́ọ̀sì, torí ó ń lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni ojú àwọn èèyàn lọ. Kò bínú, kò dìde. Ó kàn ń wo bàtà ẹ̀. Àwọn márùn-ún tó yí padà mọ̀ pé Tọ́lá ò bá àwọn sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ já olórí àwọn aládùúrà nírọ́?

Láti ọjọ́ yẹn, Tọ́lá ò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, mo ní "Ọmọ mi, ó ti pẹ́." Ó kà á, kò fèsì. Èsì wo ni kó fún mi?

Ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀, mo wà nínú ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ wa kan ní Woolwich, mò ń ṣa ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àwọn obìnrin méjì ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi nípa nọ́ọ̀sì kan tó sá fi ìyá àgbàlagbà sílẹ̀ lórí òkè. Ọ̀kan ní irú ẹni bẹ́ẹ̀, òun ò ní jẹ́ kó tọ́jú òun ní hospital. Mo gbọ́ ọ létí ara mi. Mo gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi, mo jáde.

Ohun tó wá fọ́ mi ni ti àná. Mummy Àṣàkẹ́ wá sílé mi. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa dá jáde nìyẹn. Ó se mọ́ínmọ́ín wá, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì fẹ́ kúnlẹ̀ fún mi. Ìyá tó lè bí mi! Mo sáré gbá a mú. Ó ní òun ò rántí nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ òkè yẹn, àfi ọwọ́ kan tó ń gbé tíì gbígbóná sí òun lẹ́nu. Ó ní, "Ọwọ́ ẹ ni, Fúnmi. Mo mọ̀ pé ọwọ́ ẹ ni." Ó di ọwọ́ náà mú, ó ń ṣàdúrà sí i. Ó tún ní òun ti dárí ji ọmọ tó sá, pé ọmọdé ló ń ṣe é.

Ẹ sọ fún mi, kí lẹ rò pé mo ṣe? Mo ní àmín. Mo sìn ín dé ibùdókọ̀, mo padà wálé, mo jẹ mọ́ínmọ́ín náà. Méjì ni mo jẹ. Orí ẹ̀kẹta ni mo wà tí mo fi gbé e sílẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ lo oṣù kan.

Láàárọ̀ yìí, mo lọ bá Mummy. Mo dọ̀bálẹ̀, obìnrin kì í dọ̀bálẹ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ìkúnlẹ̀ ò tó mi. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un, látorí forecast dé orí ọwọ́ tí mo dì mú. Mò ń retí kó bú mi. Ó ní, "Níbo ni Tọ́lá ń gbé?" Ó wọ kóòtù, ó mú ọ̀pá tó fi ń rìn báyìí, ó ní kí n mú òun lọ.

A wọ bọ́ọ̀sì. Tọ́lá ṣílẹ̀kùn, ó rí Mummy, ó kúnlẹ̀ kí i. Mummy ò jẹ́ kó dìde, òun náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn nílẹ̀, ó gbá a mọ́ra, àwọn méjèèjì ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà. Tọ́lá gbójú sókè, ó rí mi. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Auntie." Ìbá ṣe pé ó bú mi, ì bá rọ̀ mí lọ́rùn.

Mo fẹ́ tẹ̀ lé wọn wọlé. Mummy dá mi dúró. Ó ní, "Gbangba lo ti bà á jẹ́, Fúnmi. Lọ tún un ṣe ní gbangba ná. Tó o bá ti ṣe é tán, kó o wá kan ilẹ̀kùn." Ó tì í.

Orí àtẹ̀gùn ìta ilé Tọ́lá ni mo jókòó sí báyìí tí mò ń kọ èyí. Mò ń gbọ́ ohùn wọn nínú ilé. Mo ti pe Daddy ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti sọ fún un, mo sì ti ní kó gba ipò olórí aládùúrà lọ́wọ́ mi. Ní Sunday, máíkì kan náà ni mo máa fi sọ ọ́.

Ẹ̀kọ́ wo ni mo wá fẹ́ kọ́ yín? Ẹ máa gbàdúrà, mi ò ní kẹ́ ẹ má gbàdúrà. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ń lọ sórí òkè nílẹ̀ yìí, ẹ wo ojú ọjọ́ ti orí òkè, ẹ má wo tìsàlẹ̀. Ẹ jẹun. Tẹ́ni tó ń bọ̀ láti ibẹ̀ bá ní kẹ́ ẹ má lọ, ẹ yí padà. Tí ọmọdé bá mọ ohun tẹ́ ẹ ò mọ̀, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́. Mo mọ̀ pé ọmọ yìí mọ̀ ọ́n, láti ọjọ́ tó pè mí ni mo ti mọ̀. Ipò mi ni mò ń ṣọ́.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹnì kan ti ṣe yín lóore rí, tẹ́ ẹ wá gba ìyìn ẹ̀, tàbí tẹ́ ẹ dákẹ́ nígbà tí wọ́n ń bà á lórúkọ jẹ́? Ẹ sọ ọ́ nísàlẹ̀ ibí, ẹ má ṣe tijú jù mí lọ. Ẹ kọ orúkọ onítọ̀hún síbẹ̀, káwọn èèyàn rí i.

Kí n bẹ̀rẹ̀. Tọ́lá ni. Kò sá. Ó gun yìnyín yẹn wá bá wa, òun nìkan.